Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yàrá lọ́kọláya, tí ẹ ò fi ní sá lẹ́yìn ọjọ́ kìíní

Níbi tiwa yìí, nílẹ̀ Ọ̀kun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn tọkọtaya tó ń wá ìtọ́jú lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ò wọ́n tó bí a ṣe rò. Wọ́n ń lọ. Wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á dé ọ́fíìsì olùtọ́jú, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ọ̀rọ̀ fóònù tí ẹnì kan kì í gbé. Ohun tó gbé wọn kúrò nílé gan-an ni wọn ò ní fẹnu bà. Wákàtí kan á pé, wọ́n á padà sílé, ó tán nìyẹn. Tí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti gbìyànjú ẹ̀, kò ṣiṣẹ́.

Bí èmi àti ọkọ mi ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta la fi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí ẹnì kan kọjú sí ògiri. Ìgbà tí a padà lọ lẹ́ẹ̀kejì la tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mò ń kọ èyí kí ẹlòmíràn má baà fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ.

Ohun tí ẹ máa ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìwé kékeré kan àti bírò. Ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù, àwọn ọmọ ń gbé fóònù.

Gbogbo oògùn tí ẹ̀yin méjèèjì ń lò, ẹ kó páálí wọn sínú ọ̀rá kan. Ẹ fi àgbo kún un, àti èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní gáréèjì, àti búràńtáṣì, èèpo igi tí àwọn ọkùnrin ń lò fún agbára. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́.

Owó mọ́tò àti owó káàdì fún ìgbà mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ẹ tó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ní owó ìgbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan yanjú lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó máa wo àwọn ọmọ, àti èsì kan tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí fún ẹni tó bá bi yín pé níbo lẹ ń lọ. "A fẹ́ lọ rí dókítà" ti tó. Kì í ṣe irọ́, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyáa yín pàápàá.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sílẹ̀ ní gbólóhùn kan

Ibí yìí ni ẹ ti máa lo àkókò jù, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà.

Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. "Ara mi ò yá." "Kò lè ṣe nǹkan." "Abẹ́ ń dùn mí." Lójú agbo, ìyẹn dára, ọmọlúàbí ni. Níwájú ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín, ó lè ṣe yín léṣe. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé abẹ́ ń dùn mí. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n fún mi lóògùn ọjọ́ méje. Mo lò ó tán. Ìrora ò kúrò, torí pé ìgbà tí ọkọ mi bá fẹ́ wọlé sí mi nìkan ló máa ń dùn mí, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ ni wọ́n tọ́jú.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀, kó kọ tirẹ̀. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: kí ló ń ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló máa ń ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni kì í ṣẹlẹ̀. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí:

"Nǹkan ọmọkùnrin mi máa ń le tí mo bá jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti sún mọ́ ìyàwó mi, á rọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ."

"Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ kejì, ojú ara mi máa ń pa dé tí ọkọ mi bá fẹ́ wọlé. Kì í ṣe mí bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń wẹ̀."

"Kì í wù mí mọ́ rárá, láti ọjọ́ tí mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ obìnrin yẹn."

Ìbéèrè kẹrin, ìgbà wo ni kì í ṣẹlẹ̀, ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ẹ má fò ó. Ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ ń le láàárọ̀ tí kì í le lálẹ́ ti sọ ohun ńlá fún dókítà: ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan rẹ̀ ṣì wà dáadáa, kó jẹ́ pé ẹ̀rù tàbí ìrònú ló ń dí i lọ́wọ́.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má kọ ẹ̀sùn. Nílẹ̀ Ọ̀kun, ìgbéyàwó kì í ṣe ti ẹni méjì nìkan. Tí ìjà bá dé, àwọn àgbà ìdílé á jókòó, wọ́n á gbọ́ tẹnu kálukú, wọ́n á sọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹlẹ́bi á sì bẹ̀bẹ̀. Bí a ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé là. Àmọ́ ẹni tó bá gbé ìmúra ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú máa pàdánù owó mọ́tò rẹ̀. Olùtọ́jú kì í dájọ́. Ọkọ mi ti to ẹ̀rí jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wa, ọjọ́ báyìí, alẹ́ báyìí, ohun tí mo sọ. Ó ń retí kí wọ́n yíjú sí mi bá mi wí. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyẹn bí i nínú ju bí ẹni pé wọ́n dá a lẹ́bi lọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dára:* Ẹ pààrọ̀ ìwé. Tí ẹnì kejì bá lè ka gbólóhùn yín, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà láìbéèrè pé "kí lo ní lọ́kàn ná?", ó ti dára. Tó bá di ìjà, "ìwọ" ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ tún un kọ, kí ẹ fi "èmi" bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ara yín wò

Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ máa bi yín bóyá ẹ ti rí dókítà. Ẹ lọ ṣáájú. Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, tàbí ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ fún àwọn ará Ìyàgbà, lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Fún ọkùnrin tí nǹkan rẹ̀ kì í le: ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ láìtíì jẹun. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà gbogbo, tàbí ṣúgà òwúrọ̀ tó dé 126 (7.0 lórí ẹ̀rọ mìíràn), ń fẹ́ ìtọ́jú. Àìle nǹkan ọmọkùnrin lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti ń dí, kí àrùn ọkàn tó fara hàn. Ẹ má fi í sórí ayé pé wọ́n ti ṣe yín kí ẹ tó mọ iye ṣúgà yín.

Fún obìnrin tó ń ní ìrora: ẹ sọ ọ́ bóyá ẹnu ọ̀nà ló ti ń dùn tàbí inú lọ́hùn-ún. Ẹ sọ tí wọ́n bá gé yín tí wọ́n rán nígbà ìbímọ. Ẹ sọ tí wọ́n bá dábẹ́ fún yín ní kékeré, torí àpá rẹ̀ lè máa dunni. Ẹ sọ tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, tàbí tí nǹkan oṣù yín ti ń dáwọ́ dúró: ìgbà méjèèjì ni èròjà ara tó ń mú ojú ara tutù máa ń lọ sílẹ̀, tí ibẹ̀ á gbẹ. Kì í ṣe pé ìfẹ́ ti kú. Ẹ lè ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín nígbà tí wọ́n bá ń yẹ̀ yín wò, ẹ̀tọ́ yín ni.

*Ẹ ṣọ́ra:* Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi àwọn tó ń mú ni tọ̀ dáadáa àti irú atenolol, lè dín agbára ọkùnrin kù. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ èyí tí wọ́n sì ju oògùn sọnù fúnra wọn. Ẹ má dán an wò. Ẹ sọ fún dókítà, á pa á dà. Bákan náà, sildenafil, oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà káàkiri, kò gbọ́dọ̀ pàdé oògùn nitrate tí àwọn alárùn ọkàn ń lò. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè pa ènìyàn. Tramadol tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń mu kí wọ́n lè pẹ́, ó ń di bárakú, ó sì ń fa gìrì.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ṣe é tán:* Iye ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wà nínú ìwé yín, dókítà ti wo ọ̀rá oògùn yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti kọ lẹ́tà tí ẹ máa mú lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá ẹni tó yẹ

Nílùú kéékèèké, ẹ lè má rí ẹni tí wọ́n kọ "olùtọ́jú ìbálòpọ̀" sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin fún àwọn tí Ìlọrin rọ̀ lọ́rùn, ni kí ẹ fi lẹ́tà yín lọ. Ẹ béèrè onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá (psychologist), kí ẹ sì sọ pé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni. Àwọn kan ń ṣe é lórí fóònù pẹ̀lú fídíò. Tí ọkọ bá wà ní Àbújá tí ìyàwó wà ní Ìsánlú, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ìyẹn lè gbà yín. Kí kálukú ṣáà wà níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣeé tì.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó san owó: ibo lẹ ti kọ́ṣẹ́ yìí? Ṣé ẹ ti tọ́jú irú ọ̀rọ̀ yìí rí? Èló ni, ìṣẹ́jú mélòó? Èdè wo la máa sọ? Ẹ má fojú kéré èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ẹ̀ka èdè Owé tàbí Ìyàgbà ronú, tí wọ́n wá ní kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló máa sọ.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìtọ́jú yìí. Olùtọ́jú kì í ní kí ẹ bọ́ṣọ, kì í fọwọ́ kàn yín, kì í ní kí ẹ ṣe ohunkóhun níwájú òun. Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, ẹ dìde, ẹ jáde, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí ọjọ́ kan ṣoṣo, tàbí tó ń ta oògùn tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹ má padà síbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún pásítọ̀ wa gidigidi, àdúrà rẹ̀ gbé wa ró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bóyá ó kọ́ṣẹ́ èyí, ó ní rárá, ó sì gbà wá níyànjú pé kí a lọ. Irú pásítọ̀ tàbí àfáà tí ẹ fẹ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọjọ́ kìíní

Ẹ má ṣe lọ bọ̀ pẹ̀lú ìkánjú. Láti Kàbà sí Lọ́kọ́ja, ọ̀nà kọnkéré tó gba Ọ̀bájánà ti mú nǹkan rọrùn, ṣùgbọ́n tirélà sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tó máa dé. Ẹ jáde ní kùtùkùtù. Ẹ jẹun. Ẹ má sì jẹ́ kí ìjà bẹ́ nínú mọ́tò.

Ìpàdé kan máa ń tó ìṣẹ́jú àádọ́ta sí wákàtí kan. Ìbéèrè ló máa kún ti àkọ́kọ́: bí ẹ ṣe pàdé, ìbímọ, àìsàn, iṣẹ́, oorun, ọtí, ohun tí wọ́n kọ́ yín nípa ara yín ní kékeré, ohun tí ẹnikẹ́ni ti ṣe sí yín láìfẹ́ yín. Ẹ lè sọ pé "mi ò tíì fẹ́ dáhùn ìyẹn." Kò ní bí wọn nínú.

Olùtọ́jú wa, obìnrin àgbàlagbà kan, bò ìwé rẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nínú ilé yín, kí lẹ máa ń pè é?" Ọkọ mi gbójú sókè sí fáànù. Èmi ń ká etí ìró mi. A ti ṣègbéyàwó ọdún mẹ́sàn-án, a ti bí ọmọ méjì, a ò ní orúkọ kankan fún un. Ọwọ́ ni ọkọ mi fi ń kàn mí. Tí mi ò bá fẹ́, màá fa aṣọ bora. Ìyẹn ni gbogbo èdè tí a ní. Màmá yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá orúkọ fún un kí ẹ tó lọ." Odindi ìdajì wákàtí la fi ṣe é. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, tiwa ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ahọ́n wa ti tú.

Tí ẹ bá jókòó, ẹ yọ ìwé yín, ẹ ka gbólóhùn Ìgbésẹ̀ 1 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ara máa balẹ̀. Ara kì í balẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ní ti àṣírí: òfin ètò ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014, abala 26, ní ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, àyàfi níbi tí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá ti pàṣẹ, àti àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn bíi ewu ńlá sí ìlera àwùjọ. Ẹ ní kí olùtọ́jú ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà yín, ẹ sọ ọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ọjọ́ kìíní lọ dáadáa:* Kì í ṣe pé inú yín dùn. Ó lè rẹ̀ yín, ẹ lè má bá ara yín sọ̀rọ̀ dé Ọ̀bájánà. Ohun tó yẹ kí ẹ rí ni pé wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe títí di ìpàdé kejì, ọjọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé yín. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ láìní ọjọ́, ẹ padà wọlé lọ gbà á.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìpàdé ẹnì kọ̀ọ̀kan

Wọ́n sábà máa ń rí yín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó tú àṣírí kankan, ẹ béèrè: "Tí mo bá sọ ohun tí ọkọ mi ò mọ̀, kí lẹ máa fi ṣe?" Àwọn kan á pa á mọ́, àwọn mìíràn á ní àwọn ò ní tọ́jú ẹni méjì lórí irọ́. Ẹ gbọ́ èsì yẹn ná.

Ibí náà ni ẹ ti máa sọ tí ẹnì kejì bá ń lù yín, tó ń fipá bá yín sùn, tàbí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń jọ jókòó tọ́jú nìyẹn. Ohun tí ẹ bá sọ níwájú rẹ̀ lè di ẹgba nílé. Ẹ sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n bá yín wá ọ̀nà ààbò kọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Iṣẹ́ ilé

Ìtọ́jú gan-an wà nínú yàrá yín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu: ẹ má bá ara yín lòpọ̀ fún sáà kan. Ọkọ mi ní kí wọ́n tún un sọ. Àwọn olùwádìí méjì ará Amẹ́ríkà, William Masters àti Virginia Johnson, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1970, wọ́n sì ń lò ó di òní. Ìdí rẹ̀ ni pé "ṣé á ṣeé ṣe lónìí?" ló ń pa ara kú. Tí wọ́n bá ti mú ìdánwò kúrò, kò sí ẹni tó máa fìdí rẹmi.

Ẹ ó máa ṣe é bíi lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ní ìpele:

a) Ẹnì kan á fọwọ́ kan ẹnì kejì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: orí, ẹ̀yìn, apá, ẹsẹ̀. Ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ dé ọmú àti abẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀. Ẹni tí wọ́n ń fọwọ́ kàn kàn máa sọ pé "ó dùn mọ́ mi" tàbí "ó le jù" ni.

b) Tí ìyẹn bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi ọmú àti abẹ́ kún un. Ẹ má wọlé, ẹ má sì lépa kí ẹnikẹ́ni parí.

d) Lẹ́yìn tí olùtọ́jú bá ní kí ẹ tẹ̀ síwájú, wíwọlé á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń ní ìrora ló sì máa darí rẹ̀. Tó bá ní "dúró", ó dúró nìyẹn.

Tí yàrá bá jẹ́ ọ̀kan tí àwọn ọmọ ń sùn níbẹ̀, ẹ má fi sí alẹ́. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ la máa ń lò lọ́jọ́ tí ọkọ mi ò bá ní kíláàsì, àwọn ọmọ wà nílé ìwé, ìmọ́lẹ̀ wà, a sì ń rí ojú ara wa. Mi ò rí ojú ọkọ mi báyẹn láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó.

Tí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ béèrè ìpara olómi tí wọ́n ṣe fún ojú ara ní ilé ìtajà oògùn. *Ẹ ṣọ́ra:* òróró àti Vaseline máa ń ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́. Ọṣẹ tàbí Robb kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ibí ni ibi kejì tí àwọn ènìyàn ti ń kùnà: ní ọjọ́ kẹta ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ẹ ó ní a ti gbádùn, ẹ ó fo àwọn ìpele tó kù. Ìrora tàbí ẹ̀rù á padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Tí ẹ bá fò ó, ẹ sọ fún olùtọ́jú, kí ẹ padà sí (a).

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́:* Kálukú lè dárúkọ ibi mẹ́ta tí ọwọ́ ẹnì kejì ti dùn mọ́ ọn, àyà kò sì já mọ́ nígbà tí àsìkò bá tó.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wò ó lẹ́yìn ìpàdé kẹrin sí kẹfà

Ẹ mú ìwé ọjọ́ kìíní jáde, ẹ tún gbólóhùn yín kà níwájú olùtọ́jú. Kí ló ti yí padà nínú rẹ̀? Nínú tèmi, mo fa ilà sórí "máa ń pa dé", mo kọ "máa ń pa dé nígbà mìíràn, tí mi ò bá sùn dáadáa" sábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí ọ̀rọ̀ kan tó yí padà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ó lè jẹ́ pé ara ló ń fẹ́ àyẹ̀wò sí i, tàbí pé ẹnì kan ò ṣe iṣẹ́ ilé, tàbí pé olùtọ́jú yẹn ò bá yín mu. Ẹ lè ní kó kọ lẹ́tà sí ẹlòmíràn, kì í ṣe àrífín.

Tó bá ti ń dára, wọ́n á sún ìpàdé jìnnà: oṣù kan, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta. Ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ lè pè, pàápàá tí ẹ bá ṣì ń bímọ, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ ni tiwa tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, ìpè kan ṣoṣo la sì fi dá a dúró.